Ìyẹ̀fun inú kápúsù kọ́ ni yóò dáàbò bo ojú abẹ ìpá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí abala ìlera tí ẹ ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ní Èkìtì ń kà tí a sì ń gbé fún ará ilé kà. Nínú abala náà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkùnrin kan láti Ìjerò-Èkìtì ti béèrè ohun tí òun lè fi sí ojú abẹ òun kí ó má baà kẹ̀, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún un ni. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kí ó ra kápúsù apakòkòrò ní kẹ́mísìtì, kí ó ṣí i, kí ó sì máa bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú abẹ náà láàárọ̀ àti lálẹ́ títí tí yóò fi jinná. Èsì yìí ni mo fẹ́ ta kò, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì tún rí i nínú ìwé ìròyìn, wọn yóò gbà pé òótọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọdún iṣẹ́ mi. N kò kọ lẹ́tà yìí láti gba iṣẹ́ dókítà ṣe o. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ tó la ara ẹni bá sọ fún ẹni ló ga ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá kọ sínú ìwé ìròyìn lọ, ohun tí èmi náà kọ pẹ̀lú.

Ìpá tí mo ń sọ ni èyí tí ìfun tàbí ọ̀rá inú ikùn gba ibi tó ti fẹ́lẹ́ lára ògiri ikùn yọ síta, tó máa ń wú ní ibi tí ikùn ti pàdé itan, tó sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé inú àpò ẹpọ̀n. Kì í ṣe omi tó máa ń kó sínú àpò ẹpọ̀n. Iṣẹ́ abẹ ti ìyẹn yàtọ̀. Nínú ètò tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń pín ọgbẹ́ sí ìsọ̀rí, ọgbẹ́ tó mọ́ ni wọ́n ka ti ìpá sí, bí ìfun kò bá tíì há síbẹ̀ kí ó sì kú, nítorí pé wọn kò gé ìfun, abẹ wọn kò sì kan ibi tí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ń gbà kọjá. Ó yẹ kí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láti kẹ̀. Àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n pawọ́ pọ̀ gbé ìlànà ìtọ́jú ìpá jáde ní 2018, fi ènìyàn 5 nínú 100 ṣe ààlà: ibi tí ọgbẹ́ kíkẹ̀ bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kà sí ibi tí ewu ti ga, tí wọ́n sì dábàá pé kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó là á láti fi àwọ̀n tí wọ́n fi ń dí ibi tó fẹ́lẹ́ náà sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹ̀fun kápúsù máa ń ṣe lójú ọgbẹ́, nítorí pé ọwọ́ mi ni mo fi ń yọ ọ́. Ibi tí itan ti pàdé ikùn kì í pẹ́ làágùn, pàápàá lára ẹni tó wọ ṣòkòtò lórí pílásítà. Nígbà tí ìyẹ̀fun náà bá pàdé òógùn àti omi díẹ̀ tó ń sun jáde lójú rírán, á dì, á di èépá líle tó lẹ̀ mọ́ òwú tí wọ́n fi rán ọgbẹ́ náà. Aláìsàn á wò ó, á rò pé ó ti gbẹ, inú rẹ̀ á sì dùn. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa nítorí ibà tàbí ìrora, a óò fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn rin gọ́ọ̀sì, a óò tẹ́ ẹ lé èépá náà, a óò dúró, a óò tún rin ín, kí ó tó rọ̀ débi tí a óò fi lè ká a kúrò láìfa òwú já. Abẹ́ èépá yẹn ni a máa ń bá ọyún tí kò rí ọ̀nà jáde. Ká má tíì sọ ti pé inú ikùn ni wọ́n ṣe oògùn kápúsù fún, pé ìyẹ̀fun mìíràn tí kì í ṣe oògùn wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi kún un kí kápúsù baà lè kún, àti pé àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé eyín ni wọ́n fi ń ṣí i.

Kòkòrò tó máa ń ba irú ọgbẹ́ yìí jẹ́ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus. Inú imú àti ara ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé láìṣe wá ní nǹkan kan, àfi ìgbà tó bá rí ojú tó ṣí. Láti ìgbà tí abẹ bá ti la awọ títí di ìgbà tí wọ́n bá rán an tán ló máa ń ráyè wọlé jù. Ní 1961 ni John Burke, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tó ṣe lára àwọn ẹranko kékeré: ó fi kòkòrò yìí sínú ọgbẹ́ wọn, ó sì fún wọn ní penicillin ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tí oògùn ti wà lára wọn kí kòkòrò tó dé ni ó ṣe láǹfààní jù. Àwọn tí wọn kò fún ní oògùn títí wákàtí 3 fi kọjá lẹ́yìn tí kòkòrò ti wọlé, bákan náà ni ọgbẹ́ wọn rí pẹ̀lú ti àwọn tí kò rí oògùn gbà rárá. Bí wákàtí 3 bá lè ṣe irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni ìyẹ̀fun tí a bù sí orí awọ tí a ti rán pa, lọ́jọ́ kejì, nínú yàrá ní Ìjerò, fẹ́ lé jáde?

Síbẹ̀, n kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí ẹ̀rí kankan fún oògùn ojú ọgbẹ́. Ní 2016, àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ kí ó lè yẹ̀ wọ́n wò pọ̀, ṣe àyẹ̀wò oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi sójú ọgbẹ́ tí wọ́n ti rán. Ìwádìí 14 ni wọ́n kó jọ, àwọn ènìyàn tó kópa nínú wọn sì jẹ́ 6,466. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ dín ọgbẹ́ kíkẹ̀ kù: nínú 1,000 ènìyàn tó lò ó, nǹkan bí 20 ni yóò bọ́ lọ́wọ́ ọgbẹ́ kíkẹ̀ tí ì bá ti bá wọn. Ènìyàn 20 kì í ṣe ohun tí a ń fojú di. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ṣe fún awọ ara ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà kò sì rí ẹ̀rí tó tó láti sọ ohun tí àṣà yìí ń dá sílẹ̀ ní ti kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ àti awọ tó ń bínú sí oògùn. Neomycin, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì wa, wà lára àwọn oògùn tí awọ ara máa ń bínú sí jù. Bí awọ bá ti bínú sí i, á pọ́n, á máa yún ni, á máa sun omi, aláìsàn á sì tún fi púpọ̀ sí i.

CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti 2017 pé kí wọ́n má ṣe fi ìpara, omi tàbí ìyẹ̀fun apakòkòrò sójú abẹ nítorí pé wọ́n fẹ́ dènà ọgbẹ́ kíkẹ̀. NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun kan náà nípa ọgbẹ́ tí wọ́n rán pa tó sì ń jinná. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fara mọ́, pàápàá ní ti ìpá, nítorí ibi tí ewu gan-an wà. Lábẹ́ awọ ni ọ̀rá wà, lábẹ́ ọ̀rá ni ìpele líle kan tó bo iṣan wà, lábẹ́ ìyẹn ni oníṣẹ́ abẹ máa ń tẹ́ àwọ̀n sí láti dí ibi tó fẹ́lẹ́. Láti ìgbà tí Irving Lichtenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles ti gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1989 ni ó ti tàn ká ayé, nítorí pé ìpá kì í sábà padà bí ti ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi òwú nìkan fa ẹran ara pọ̀. Bí kòkòrò bá ti bá àwọ̀n náà gbé, a lè máa tọ́jú ọgbẹ́ fún oṣù púpọ̀, ó sì lè di dandan kí wọ́n tún la ẹni náà láti yọ ọ́ kúrò. Kò sí ìpara tí a fi pa awọ tó lè dé ibẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan wà tó máa ń fi gentamicin, oògùn apakòkòrò kan, sí àyíká àwọ̀n náà kí wọ́n tó rán ara pa. Ìyẹn jẹ́ ìpinnu tiwọn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ti ẹni tó wà nílé.

(Ẹ̀rù owó àwọ̀n náà máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Uganda, wọ́n lo aṣọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ìpá, wọ́n sì fi í wé àwọ̀n olówó ńlá lára àwọn ọkùnrin 302. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé méjèèjì dọ́gba, ọgbẹ́ kíkẹ̀ kò sì pọ̀ ju ara wọn lọ. Ilé ìwòsàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń sè é o, kí ẹnikẹ́ni má lọ gé nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbé wá.)

Ohun tó ń dáàbò bo ojú abẹ, ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti ń jáfara. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2016. Ó ní kí aláìsàn wẹ̀ kí ó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, ọṣẹ lásán sì tó. Ó ní kí wọ́n má fá irun ibi tí wọn yóò là. Bí irun náà bá máa dí oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, kílípà ni kí wọ́n fi gé e. Bíléèdì máa ń ya awọ ní ojú tí a kò lè fi ojú lásán rí, kòkòrò á sì fi òru ọjọ́ náà bí sí i nínú àwọn ojú kéékèèké yẹn. Mo mọ ohun tó ń fà á ní ọ̀dọ̀ wa. Ojú ń ti àwọn àgbà ọkùnrin pé nọ́ọ̀sì obìnrin, tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ wọn, yóò rí irun abẹ́ wọn, nítorí náà wọn á ti fá a ní ilé kí wọ́n tó wá, tàbí kí ìyàwó bá wọn fá a ní alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn yóò lọ. Wọn á dé pẹ̀lú abẹ́ tó ń dán, tí bíléèdì ti ya káàkiri, wọn á sì máa retí kí a yìn wọ́n fún ìmọ́tótó. Baba, ẹ fi irun yín sílẹ̀. A ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà ní láti jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹni tó ń mu sìgá sì ní láti jáwọ́ níbẹ̀, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ apakòkòrò tí wọ́n ń gún kí wọ́n tó là ni ó tó ohun tí à ń jà fún. Bí dókítà bá ti pinnu pé aláìsàn nílò rẹ̀, WHO ní kí wọ́n gún un láàárín wákàtí 2 tó ṣáájú ìgbà tí abẹ yóò kan awọ, kí oògùn lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara kí kòkòrò tó dé. Kí wọ́n gún un láàárọ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí iná lọ, kí jẹnerétọ̀ má ṣiṣẹ́, kí wọ́n má sì là á títí di ọ̀sán, agbára oògùn náà yóò ti dín kù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, pé ṣé wọ́n ti gún un, àti ìgbà wo. Ìlànà yìí kan náà ló sọ pé kí wọ́n má máa fún ènìyàn ní apakòkòrò lọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ bá ti parí, bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìdènà nìkan ni. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni a ó ti jà. Aláìsàn tí kò bá gbé àpò oògùn jáde ní ilé ìwòsàn máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, àwọn dókítà mìíràn náà sì máa ń kọ kápúsù ọjọ́ 5 tàbí 7 kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Nínú àpò yẹn ni púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun tí mo ń sọ ti ń wá. Ti ẹni tí ìfun rẹ̀ ti há tó sì ti kú nínú ìpá yàtọ̀ pátápátá. Àìsàn ni wọ́n ń tọ́jú fún ìyẹn, kì í ṣe ìdènà, kí ó sì lo oògùn rẹ̀ tán bí wọ́n ṣe ní kí ó lò ó.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí ojú ọgbẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ wa kò pọ̀. Kí a fi pílásítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ fún wákàtí 48, àyàfi bí ẹ̀jẹ̀ bá rin ín gbingbin tàbí tó bá ṣí. Láàárín àkókò yẹn ni awọ yóò ti pàdé ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí aláìsàn lè fi omi tó mọ́ wẹ̀, kí ó jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láìfi kànìnkànìn ha á, kí ó sì fi aṣọ tó mọ́ tẹ ibẹ̀ gbẹ. Kí ó má rì í sínú odò. Kò nílò adí, kò nílò òrí, kò nílò ewé tí wọ́n gún. Bẹ́ẹ̀ ni sípírítì tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn nítorí pé ó ń ta ni lára, ẹran ara tuntun tó ń hù gan-an ló ń jó. Ní ti ìgbà tí yóò padà sí oko láti kọ ebè tàbí láti gbé ìdì iṣu, dókítà rẹ̀ ni yóò dá a fún un.

Kí ó mọ ohun tí kì í ṣe ewu pẹ̀lú, nítorí pé ìbẹ̀rù ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí kẹ́mísìtì. Ẹpọ̀n lè wú kí ó sì dúdú ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí wọ́n rán lè le gbandi lábẹ́ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Omi tó mọ́ náà lè kó jọ sí abẹ́ awọ, kí ó wú láìgbóná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi abẹ́rẹ́ fà á ní ilé. Ohun tó yẹ kó gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an ni ìrora tó ń le sí i dípò kí ó máa rọlẹ̀, ibà, ọyún tàbí òórùn, àti rírán tó ń já. Àwọn ìwé máa ń sọ pé kí a wo bóyá ó ń pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n lè má hàn rárá, nítorí náà ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì fi kan ẹ̀gbẹ́ kejì ara: bí ti ọgbẹ́ bá gbóná jù, tí awọ rẹ̀ fà, tó sì ń dán, ẹ má dúró de ọyún. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ojú abẹ lásán, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi àwọ̀n sí lára, ọjọ́ 90 ni kí ó fi máa kíyè sí i.

Ìwádìí tó jáde ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ ṣekú pa láyé, apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ìpín náà sì ti ga jù bí a bá fi wé iye ènìyàn. Ìyẹ̀fun tí a ń bù sí orí ọgbẹ́, tí kò tó láti pa kòkòrò ṣùgbọ́n tó tó láti kọ́ ọ bí yóò ṣe yè é, wà lára ohun tó ń fa irú rẹ̀. N kò sì di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó ń ta oògùn. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ láìsọ fún un ju pé “ó dàbọ̀, ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa dá a lóhùn lálẹ́ nígbà tí ibẹ̀ bá ń ro ó, ẹni tó sì súnmọ́ ọn jù ni ọmọkùnrin oníkẹ́mísìtì ìkóríta. Ó tún burú sí i nígbà tí wọ́n bá kó iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ wá sí ìgbèríko, tí wọ́n la ènìyàn púpọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn dókítà sì ti kó ẹrù wọn lọ kí ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ilé ìwòsàn wa, ti ìjọba àti ti aládàáni, láti Ìdó-Èkìtì títí dé Ọmùò, máa fún ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ní ojú ìwé kan ní èdè Yorùbá, tí nọ́ńbà fóònù tí yóò pè lóru wà lórí rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì sì kà á sétí òun àti ẹni tó wá mú un lọ ilé. Lọ́dọ̀ tiyín, kí ẹ jọ̀wọ́ ṣe àtúnṣe sí èsì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ọkùnrin Ìjerò náà lè dáwọ́ dúró bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì padà lọ fi ojú abẹ náà han ẹni tó là á. Mo ti kọ irú ojú ìwé tí mo ń sọ yìí, ó wà nínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà mi. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fún oníṣẹ́ abẹ kan kà, kí ó tún ibi tó bá yẹ ṣe. Kí ẹ sì fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, nítorí pé àwọn àgbàlagbà pọ̀ nínú àwọn tí ìpá ń bá jà, wọn kì í sì í rántí mú awò ojú wọn dání wá sí ilé ìwòsàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.